Sílíńdà Mẹ́rin Tó fún Ará Alímọ̀ṣọ́

Bí ọjọ́ Sátidé bá ti mọ́, ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Ìkọ̀tún lọ sí Ìgàndò, tàbí tó gba Akọ̀wọ́njọ bọ́ sí Ẹ̀gbẹ́dá, yóò rí wọn níwájú àwọn tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin méjì tàbí mẹ́ta á yí ọkọ̀ kan ká: ọ̀kan ti jókòó sídìí sítíárì, ọ̀kan ń fi fóònù ya àwòrán, ẹ̀kẹta tẹ́tí sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kùn. Ọkọ̀ náà kì í ṣe jíìpù, kì í sì í ṣe ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, alábọ́ọ́dé, tí àwọn tó ṣe é ti fi eré sísá polówó rẹ̀: Mercedes C300, BMW 3 Series, Lexus IS, Acura TL, Honda Accord onísílíńdà mẹ́fà, tàbí Camry SE. Owó tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ yìí lè jẹ́ owó àjọ ọdún mẹ́ta. Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́, tàbí èyí tí ẹ̀gbọ́n kan fi ránṣẹ́ láti Kánádà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọn yóò ti san án tán.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ. Ọdún wo ni? Ṣé V6 ni? Èló lẹ máa gbà gan-an? Kò sí ẹni tí yóò béèrè irú epo tí ọkọ̀ náà ń mu. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ibi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ń gbé, tàbí ohun tó wà nínú àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ká sínú sítíárì tí ọ̀rẹ́ wọn gbá mú yẹn. Àwọn ìbéèrè tí wọn kò béèrè wọ̀nyí ló máa ń gba owó lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn sì lè gba ẹ̀mí.

Àṣà yìí ti pẹ́. Orúkọ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fún ọkọ̀ ti tó ẹ̀rí. Accord ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè ni wọ́n ń pè ní "Hala". Èyí tó tẹ̀ lé e di "Bulldog" nítorí bí imú rẹ̀ ṣe rí, lẹ́yìn náà ni "Baby Boy" dé. Nígbà tí Accord ọdún 2003 jáde, wọ́n ní kò sí àríyànjiyàn mọ́, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní "End of Discussion". Honda tún ojú rẹ̀ ṣe díẹ̀, ni àríyànjiyàn bá tún bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ̀ tuntun náà sì ń jẹ́ "Discussion Continues". Ti ọdún 2008 ni "Evil Spirit". Lọ́dọ̀ Toyota, Camry kan wà tó sanra tí wọ́n pè ní "Orobo", ọ̀kan wà tí iná rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ "Pencil", lẹ́yìn wọn ni "Big Daddy", "Muscle" àti "Spider". Mercedes ní "V-boot" tirẹ̀. Àwọn orúkọ náà dùn, wọ́n sì fi hàn pé ọmọ aráyé kò lè ra ohun ìrìnnà kó má kì í. Àmọ́ ibi tí oríkì náà ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ènìyàn wò: imú, iná, ìdí, ara. Kò sí ọkọ̀ kan nínú gbogbo wọn tí wọ́n sọ lórúkọ nítorí gíà rẹ̀ tàbí nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í jẹ ọ́ìlì. Àwọn àgbà ní aya tí a fẹ́ lójú agbo ijó, ìran ni yóò wò lọ. Bí wọ́n ṣe ń ra ọkọ̀ nìyẹn ní Alímọ̀ṣọ́.

Kí ni eré sísá fẹ́ ṣe níbẹ̀ ná? Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, iye tí kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn tó bá a dọ́gba ní ìpínlẹ̀ Èkó, èrò sì ti ń wọ́ débẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ọ̀nà LASU sí Ìgàndò títí dé Ìyànà Ìpájà ni ọkọ̀ ńlá ńlá ń gbà láti ojú ọ̀nà Bádágìrì bọ́ sí ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Àárín wọn ni kọ̀rópe, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kadà àti àwọn obìnrin tó ń ta ẹja ń gbà kọjá. Òfin ìrìnnà ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má ṣe ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ láàárín ìlú, kó má sì ju 100 lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Camry onísílíńdà mẹ́rin ti ọdún 2012 ní agbára ẹṣin 178. Onísílíńdà mẹ́fà rẹ̀ ní 268. BMW 335i ní 300. Agbára 178 yẹn tó láti rú òfin méjèèjì. Ohun tí 90 tàbí 122 tó kù fẹ́ ṣe láàárín Ìdímù sí Ìkọ̀tún ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀, àyàfi bí ọ̀kadà bá ń bẹ̀rù ìró rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn tó jinlẹ̀ jù wà. Lára ìdérí ibi tí wọ́n ti ń rọ epo sínú C300, BMW àti Lexus IS tó wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé epo tó dára jù ni kí wọ́n máa rọ sí i, èyí tí òdiwọ̀n octane rẹ̀ kò dín sí 91. Òdiwọ̀n yìí ni wọ́n fi ń mọ bí epo ṣe lè fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó nínú sílíńdà kó má baà gbiná fúnra rẹ̀ kí plọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì alágbára máa ń tẹ epo mọ́lẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ epo tó ní sùúrù. Ẹni tó gbọ́n díẹ̀ yóò wádìí, yóò sì rí i pé ìlànà ilẹ̀ Nàìjíríà náà ní kí octane bẹntiróò má dín sí 91. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kò bọ́ sí i rárá. Ìṣirò tí Amẹ́ríkà ń lò yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. 91 tí Amẹ́ríkà kọ sára ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 95 tàbí 96 ní ìṣirò RON tí Nàìjíríà ń lò, 91 ti Nàìjíríà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 87 lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Epo tí wọ́n ń tà fún mẹ̀kúnnù níbẹ̀ nìyẹn. Láti Ìyànà Ìpájà títí dé Ìjẹ̀gùn, irú bẹntiróò kan ṣoṣo ni ilé epo ń tà, kò sí ẹ̀rọ kejì tí ènìyàn lè yà sí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní ariwo: kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò mọ̀ pé epo náà kò tó, yóò fa ọwọ́ ìṣáná sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́, agbára yóò dín kù, epo tí ọkọ̀ ń mu yóò sì pọ̀ sí i. Ọkùnrin náà ti san owó agbára ẹṣin, kọ̀ǹpútà ti gbà á padà, kò sì mọ̀. Camry àti Accord, 87 yẹn gan-an ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Kí wọ́n wá ṣírò owó rẹ̀. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba tó sì ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tíì tó 200 náírà nílé epo ìjọba ní Èkó. Kí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 tó parí, ó ti wà ní nǹkan bí 1,000 náírà. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ epo, sọ pé láàárín ìlú, Camry onísílíńdà mẹ́rin ti ọdún 2012 ń rin máìlì 25 lórí gálọ́ọ̀nù kan. BMW 335i ti ọdún 2008 ń rin 17. Bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí lítà, Camry yóò mu bí lítà 9.4 nínú kìlómítà 100, BMW yóò mu 13.8. Ẹni tó ń ti Ìgàndò lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù tó sì ń wa kìlómítà 80 lóòjọ́ ní àlọ àti àbọ̀, bó bá lọ fún 20 ọjọ́ nínú oṣù, ìyàtọ̀ ọkọ̀ méjèèjì yóò jẹ́ bí lítà 70. Ní 1,000 náírà lórí lítà kan, 70,000 náírà nìyẹn. Iye yẹn gẹ́lẹ́ ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024. Iṣẹ́ oṣù kan tí ẹnìkan fi òógùn ojú ṣe ni ọkọ̀ ẹnìkejì ń fi èéfín tú jáde lóṣooṣù, láìtíì ka ìdúró lójú kan nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, tí EPA kò rí irú rẹ̀ rí.

Táyà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ asáré máa ń wọ táyà pẹlẹbẹ kí ó lè rọ̀ mọ́lẹ̀ níbi ìkọsẹ̀ ọ̀nà. Táyà ẹ̀yìn C300 Sport, tó jẹ́ 245/40, ga láti etí rímù dé ilẹ̀ ní nǹkan bí mílímítà 98. Ti Camry SE, tó jẹ́ 215/55, ga tó 118. Ti Camry LE tí kò ṣe fújà, tó jẹ́ 205/65, tó 133. Níbi tí ọ̀dà ọ̀nà ti dán bí awo, ìyàtọ̀ yìí kò já mọ́ nǹkan kan. Nínú àdúgbò Ìkọ̀tún tí òjò ti kó iyẹ̀pẹ̀ lọ tó fi òkúta sílẹ̀, ìyàtọ̀ náà ni rímù tó ṣẹ́ àti rímù tó padà sílé. BMW tilẹ̀ gba táyà àfipamọ́ kúrò nínú ọ̀pọ̀ 3 Series ìgbà náà pátápátá, nítorí táyà rẹ̀ lè rìn díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jò. Ó dára fún ẹni tó máa rí ṣọ́ọ̀bù táyà ní máìlì 50 síwájú. Ẹni tó ń lẹ táyà lábẹ́ igi ní Ayọ̀bọ̀ kò ní irú rẹ̀ lórí àtẹ.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ Jámánì máa ń fi yẹ̀yẹ́ ṣe. Wọ́n ní mẹkáníìkì Alímọ̀ṣọ́ ni kò mọ iṣẹ́, pé ọkọ̀ wọn kò ní àléébù. Irọ́ ni, ó sì jẹ́ ìwọ̀sí sí àwọn ènìyàn tó yẹ kí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó lo ọdún mẹ́rin ní Ìdímù lè sọ ẹ́ńjìnnì Camry kalẹ̀ kó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò sì mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó àti èyí tó jẹ́ ayédèrú nínú ẹ̀yà tí wọ́n bá rà wá láti Ládípọ̀. Ìmọ̀ ni, ara ọkọ̀ tó pọ̀ nílùú ló sì ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ BMW láti bí ọdún 2007, bí wọ́n bá pààrọ̀ bátìrì lásán, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà sọ fún ọkọ̀ náà pé bátìrì tuntun ti dé. Nínú àwọn C-Class ti ọdún 2008 sí 2014, àgádágodo oníná tó wà nídìí sítíárì lè kú lójijì; bó bá ti kú, ọkọ̀ kò ní gbọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà tàbí irú rẹ̀ nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀. BMW fúnra rẹ̀ pe 335i padà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010 nítorí fọ́ńpù epo rẹ̀ tó ń dẹnu kọlẹ̀. Kò sí òòlù àti spánà tó lè yanjú èyí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wà ní Èkó o, àmọ́ wọn kò pọ̀, ọ̀nà wọn jìn sí Ìgàndò, owó wọn kò sì jọ ti ará àdúgbò. Nítorí náà ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń lo oṣù mẹ́rin lábẹ́ igi máńgòrò, tí ewé ń rọ̀ sórí gíláàsì rẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì ń wọ kọ̀rópe lọ síbi iṣẹ́.

Gbogbo èyí, owó ni. Ọ̀rọ̀ àpò afẹ́fẹ́ kì í ṣe owó.

Ilé iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ló ṣe àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí ọdún 2000 sí 2015. Ohun tí í jẹ́ kí àpò náà wú nígbà ìjàm̀bá jẹ́ kẹ́míkà kan, ammonium nitrate, tí wọ́n dì sínú agolo irin kékeré. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá kẹ́míkà yìí gbé fún ọdún púpọ̀, ìwà rẹ̀ yóò yí padà. Bí ọkọ̀ bá wá fi orí gbá nǹkan, àní ìgbá díẹ̀, dípò kí àpò wú, agolo náà á fọ́, yóò sì da ẹ̀rún irin sí ojú àti ọrùn ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ó ju 20 ènìyàn lọ tó ti bá a lọ ní Amẹ́ríkà, ó pa àwọn mìíràn ní Malaysia níbi tí ojú ọjọ́ ti móoru bí ti Èkó. Nǹkan bí mílíọ̀nù 67 irú agolo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Kò sí ìgbà tí wọ́n pe ọkọ̀ padà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, gbèsè wó Takata.

Kí wọ́n wá wo orúkọ àwọn ọkọ̀ tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Accord láti ọdún 2001 títí dé 2012 wà níbẹ̀: apá kan nínú "Baby Boy", "End of Discussion", "Discussion Continues" àti "Evil Spirit". Acura TL àti TSX wà níbẹ̀. BMW 3 Series wà níbẹ̀, Lexus IS ti ọdún 2006 sí 2013 wà níbẹ̀, Mercedes C-Class wà níbẹ̀. Corolla ti ọdún 2003 sí 2013 náà wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé Toyota mọ́ pátápátá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọkọ̀ asáré tí ọ̀dọ́ Ìkọ̀tún ń lá àlá rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni ọkọ̀, wọ́n sì yọ agolo náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé ta níbi gbàǹjo kí lẹ́tà tó dé, tó wọ ọkọ̀ ojú omi tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Tin Can, ta ni yóò kọ lẹ́tà sí i ní Ẹ̀gbẹ́dá? Ó ti wá fi ọdún mẹ́wàá jókòó nínú oòrùn àti ọ̀rinrin tó ń yí kẹ́míkà yẹn padà. Ìwà àìbìkítà tó tóbi tó báyìí kò yẹ kó máa kọjá láìsí ariwo. Ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó lórí ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, àjọ aṣọ́bodè fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìdá 20 tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti ń lo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn VIN, láti fi díye lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn. Nọ́ńbà kan náà tí wọ́n tẹ̀ láti mọ iye tí wọn yóò gbà ló lè sọ fún wọn bóyá agolo ikú wà nínú sítíárì. Èyí tó ń mú owó wálé ni wọ́n kà.

Nítorí náà, èwo ni kí ènìyàn rà? Kì í ṣe gbogbo Camry. "Muscle" ti ọdún 2007 sí 2009, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, ní àrùn jíjẹ ọ́ìlì tí Toyota fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, tó sì ṣètò láti tún un ṣe fún àwọn tó rà á níbẹ̀. Ètò yẹn kò wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Èyí tó tọ́ ni onílítà 2.5 tó dé láti ọdún 2010, pàápàá Camry SE ti ọdún 2012 sí 2017: sílíńdà mẹ́rin, gíà mẹ́fà tí mẹkáníìkì mọ̀, epo tí ilé epo Ìkọ̀tún ń tà, ẹ̀yà tó kún Ládípọ̀. Ó ní ìdúró tó le díẹ̀ ju LE lọ, ojú rẹ̀ sì mú. Ẹni tí ọ̀nà ilé rẹ̀ bá burú jù, kó mú LE, kó gbàgbé rímù ńlá.

Accord ló ṣe ìkejì, ó sì yẹ kí wọ́n sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: ọwọ́ sítíárì rẹ̀ yá ju ti Camry lọ, ẹni tó bá wa méjèèjì láti Abúlé Ẹ̀gbá dé Ṣàgámù yóò mọ̀ kó tó dé Ọ̀tẹ̀dọlá. Camry dà bí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Sunday School. Ṣùgbọ́n Accord onísílíńdà mẹ́fà ti ọdún 2008 sí 2012 máa ń pa àwọn sílíńdà kan kí epo má baà tán, ọ́ìlì sì ń gba ibẹ̀ wọlé tó ń ba plọ́ọ̀gì jẹ́. Àwọn tó rà á ní Amẹ́ríkà pe Honda lẹ́jọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn ní ọdún 2013. Láti ọdún 2013, onísílíńdà mẹ́rin rẹ̀ ti ń lo gíà CVT, èyí tí kò ní jíà kan sí kan. Bí èyí bá bàjẹ́ ní Ìpájà, wọn kì í tún un ṣe, òmíràn ni wọ́n máa ń rà. Hyundai Sonata ti ọdún 2011 àti 2012 lẹ́wà, owó rẹ̀ sì rọ̀, ṣùgbọ́n Hyundai pe bí 470,000 rẹ̀ padà ní ọdún 2015 nítorí ẹ́ńjìnnì tó lè dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà. Owó rẹ̀ rọ̀ fún ìdí kan.

Àwọn kan yóò ní ṣé kí ọmọ tálákà má gbádùn ayé ni. Ẹni tó dàgbà nínú yàrá kan pẹ̀lú ẹni méje ní Ìkọ̀tún, tó kàwé, tó ṣiṣẹ́, ṣé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ọkọ̀ tí àwọn ará àdúgbò yóò jáde wò? Ó lẹ́tọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju bí àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín ṣe rò. Ìfẹ́ ọkọ̀ tó rẹwà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, iyì sì jẹ́ ohun tí wọ́n fi dù wọ́n láti kékeré. Ìbéèrè tó kù ni pé iyì wo ló wà nínú ọkọ̀ tó jókòó sábẹ́ máńgòrò. Àwọn mìíràn máa ń gba ọ̀dọ́ nímọ̀ràn pé kó má ra C300 kí ọlọ́pàá má baà pè é ní ọmọ Yahoo. Ìmọ̀ràn yìí ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni àwọn ọ̀dọ́ tú sí ojú pópó jákèjádò ìlú nítorí SARS tó ń fi ọkọ̀ àti fóònù dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi, wọn kò sì ṣe é kí ẹ̀rù lè máa yan ọkọ̀ fún wọn. Ẹni tó bá fi C300 sílẹ̀, kó jẹ́ nítorí epo, táyà, àgádágodo àti agolo Takata ló fi fi í sílẹ̀.

Àwọn kan ní ojú ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n bá wí, kì í ṣe ọkọ̀. Òótọ́ ni, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n gbà ní Tin Can yẹ kó ti da ọ̀dà sí gọ́tà àti títì Ìgàndò. Àmọ́ ẹni tó ń ra ọkọ̀ lọ́la kò ra ọ̀nà tí wọn yóò ṣe lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Kí ó tó sanwó, kó tẹ nọ́ńbà VIN, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà ní igun dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú, sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, yóò sì sọ bóyá ìpè padà kan wà tí wọn kò tíì ṣe. Kó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń ta ọkọ̀. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, iná àpò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí àpò náà ti tú jáde nínú ìjàm̀bá tí wọn kò sọ, kó jẹ́ ìdérí òfìfo ló kù níbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí wọ́n ka nọ́ńbà náà, kí wọ́n fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Òmíràn yóò ti Tin Can jáde ní ọjọ́ Mọ́ńdè.